Ọmọ àlejò tó di olùkọ́ yunifásítì: ṣé ọ̀nà wà fún un dé ìgbìmọ̀ ìlú Àjàṣẹ́?

Ará Ouando

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ kan ń fa awuyewuye lágbo wa, mo ní kí n gbé e wá síwájú àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Ọkùnrin kan wà ní Calgary ní Kánádà, Naheed Nenshi lorúkọ rẹ̀. Tanzania làwọn òbí rẹ̀ ti ṣí wá ní 1971. Toronto ni wọ́n bí i sí ní 1972, Calgary ló dàgbà sí. Iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe ní Mount Royal University kó tó di olórí ìlú Calgary ní 2010, Mùsùlùmí àkọ́kọ́ tó jẹ olórí ìlú ńlá bẹ́ẹ̀ ní Àríwá Amẹ́ríkà. Wọ́n tún dìbò fún un ní 2013 àti 2017.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ kan l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Bẹ̀nẹ̀) níbí. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣòwò. Bàbá rẹ̀ ń ta páànù àti ìṣó. Ọmọ náà ti gba oyè dókítà ní yunifásítì Calavi, ó ń kọ́ni ní yunifásítì, ó sì fẹ́ wọ ìgbìmọ̀ ìlú, bóyá kó tiẹ̀ di maire, ìyẹn olórí ìlú, lọ́jọ́ kan. Ṣé ó ṣeé ṣe, àbí "ará Nàìjíríà" ni wọ́n á máa pè é títí ayé? Ẹ má fi ọ̀rọ̀ tù mí nínú o. Bó ṣe rí gan-an ni mo fẹ́ gbọ́.

*

Ọmọ Àkọ́rọ̀n

Ta ló ń pe ta ní àlejò l'Ájàṣẹ́? Àwọn ọdẹ mẹ́ta tí ìtàn sọ pé wọ́n tẹ Àkọ́rọ̀n dó, Ifẹ̀ ni wọ́n ti wá. Tè-Agbànlìn tó fi ìjọba Ègùn lélẹ̀, Àlàdá ló ti wá. Àwọn Àgùdà ńkọ́? Bùràsílì ni wọ́n ti padà dé, ọwọ́ wọn sì hàn lára mọ́ṣáláṣí ńlá wa tí iwájú rẹ̀ jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ignacio Paraïso, tí bàbá rẹ̀ ti Bùràsílì dé, jókòó nínú ìgbìmọ̀ gómìnà láyé àwọn Faransé.

Ẹni tó bá ní ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kò gbọdọ̀ dé mairie (ọ́fíìsì maire), kó kọ́kọ́ sọ ọjọ́ tí ìdílé tirẹ̀ dé.

*

Akọ̀wé Kóòtù

Ọmọ Àkọ́rọ̀n, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n CENA, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò, kì í gba ìtàn mọ́ fáìlì olùdíje. Ìwé ni wọ́n ń gbà: ìwé ìbí, certificat de nationalité (ìwé ẹ̀rí ọmọ-ìlú), casier judiciaire (ìwé ẹ̀rí nípa ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn) tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ẹ̀rí ibùgbé, àti quitus fiscal tó fi hàn pé ẹni náà kò jẹ owó orí. Ìkejì yẹn ló máa ń dá ọmọ àlejò dúró.

Ẹ fara balẹ̀ wo ìdílé tí Ará Ouando sọ. Òfin 65-17, tí wọ́n ṣe ní oṣù Kẹfà 1965, sọ pé ẹni tí wọ́n bí ní Dahomey (orúkọ Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà), tó jẹ́ pé Dahomey náà ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí, ọmọ Dahomey ni láti ọjọ́ ìbí. Bàbá bàbá ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, wọ́n bí bàbá l'Ájàṣẹ́, wọ́n bí ọmọ l'Ájàṣẹ́: ó tán. Kò tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ ìjọba. Ohun tó ti jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni adájọ́ kàn máa kọ sílẹ̀ fún un. Ti Nenshi tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí Kánádà kò béèrè ibi tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí rárá.

Ibo wá ni wàhálà wà? Àwọn bàbá wa àtijọ́ máa ń dá ìyàwó olóyún padà sílé kó lọ bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Bí wọ́n bá bí bàbá sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n gbé e dé Àjàṣẹ́ lọ́mọ oṣù mẹ́fà, ì báà lo 70 ọdún níbí, ibi tí wọ́n bí i sí kò ní yí padà. Ọmọ rẹ̀ á ní láti gba ọ̀nà mìíràn, bóyá nípasẹ̀ ìyá, bóyá nípa bíbéèrè fún ìwé. Ẹni tó bá sì gba ìwé ọmọ-ìlú nípa bíbéèrè, òfin ìdìbò fi ọdún ìdúró sí i lọ́rùn kó tó lè díje. Nítorí náà, kó tó máa wá ẹgbẹ́ òṣèlú kiri, ìwé ìbí bàbá rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wá.

Òfin tuntun rọ́pò ti 1965 ní oṣù Kejìlá 2022. Kí agbẹjọ́rò bá a wo èyí tó bá ọjọ́ ìbí rẹ̀ mu.

*

Ìyá Alásọ

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, bàbá tí kò ní ìwé ìbí kankan ńkọ́? Irú wọn ló pọ̀ jù ní ìran yẹn.

*

Akọ̀wé Kóòtù

Màmá, bí bàbá bá ṣì wà láyé, kí wọ́n má fi falẹ̀. Jugement supplétif, ìwé ilé-ẹjọ́ tó ń dípò ìwé ìbí, ni kó gbà, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí tó dàgbà tó láti mọ ibi tí wọ́n bí i sí. Kì í ṣe ọmọ ọdún 40 ni wọ́n ń mú wá jẹ́rìí ọdún 1950. Fún ará Àjàṣẹ́, ilé-ẹjọ́ ti Àjàṣẹ́ níbí ni. Fún ará Kétu, Pobè ni. Fún ará Ṣábẹ, Savalou.

Bí bàbá bá ti kú, ẹ tú àpótí: ìwé ìrìbọmi, ìwé orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìbí àwọn àbúrò rẹ̀ tí wọ́n bí síbí. Ọ̀kan nínú wọn lè má tó. Mẹ́ta tó sọ ohun kan náà lágbára.

Ohun méjì ló máa ń ba fáìlì jẹ́. Àkọ́kọ́ ni orúkọ. Bàbá ń jẹ́ Sule Adeshina lórí ìwé Nàìjíríà, Soulé Adéchina lórí ìwé ìbí ọmọ, Adéchinan lórí ìwé ẹ̀rí bákà. Ojú gbogbo wa mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Ojú ẹni tó ń gba fáìlì kò gbọdọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Certificat d'individualité ló ń so àwọn orúkọ yẹn pọ̀. Ṣùgbọ́n bí àṣìṣe bá wà lórí ìwé ìbí ọmọ fúnra rẹ̀, ilé-ẹjọ́ ni kó ti lọ tún un ṣe, lẹ́yìn náà kó gbé e lọ sí ANIP, àjọ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ orúkọ aráàlú. Ẹ má yí ètò yẹn po. Inú àkọsílẹ̀ ANIP ni wọ́n ti ń yọ orúkọ àwọn olùdìbò, ohun tó bá wọ́ níbẹ̀ á wọ́ dé ojú ibùdó ìdìbò.

Ìkejì burú jù. Àwọn kan lọ gba NIN (nọ́mbà ìdánimọ̀) ní Nàìjíríà, wọ́n kọ Ògbómọ̀ṣọ́ sí ibi ìbí kí wọ́n má baà dà wọ́n láàmú ní Ìdí-Ìrókò. Wọ́n tún wá gba ìwé níbí, wọ́n kọ Porto-Novo. Ìwé méjì, ibi ìbí méjì. Lọ́jọ́ tó bá gbé àpótí ìbò, ẹ̀dà NIN yẹn ni alátakò á kọ́kọ́ gbé jáde.

*

Aláròyé Ìdìbò

Ẹ ti sọ ti ìwé, ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi Nenshi ṣe àwòkọ́ṣe, ẹ kò wo irú ìdìbò tó wọlé sí.

Ní Calgary lọ́dún 2010, kò sí orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan lórí ìwé ìbò. Orúkọ èèyàn ni aráàlú ń wò. Olórí ìlú fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń dìbò fún, kì í ṣe ìgbìmọ̀ ló ń yàn án. Ẹni tó bá sì ní ìbò jù ló wọlé, kódà bí kò tó ìdajì: nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ni Nenshi fi wọlé. Ní 2004 ó ti kọ́kọ́ díje fún àga ìgbìmọ̀ ìlú, ó sì fìdí rẹmi. Ètò yẹn gba olùkọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ láàyè láti máa sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà.

Níbí ńkọ́? Lórí ìwé ìbò wa, àmì ẹgbẹ́ ló wà. Igi oṣè ni ti UP (UP le Renouveau ló ń jẹ́ láti 2022), ẹṣin ni ti BR, owó ẹyọ ni ti FCBE. Màmá tó ń ta gaàrí ní Ouando lè fẹ́ràn ọmọ yín tọkàntọkàn, kò ní rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Kò sí olùdíje aládàáṣe mọ́. Orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí lísìtì ẹgbẹ́, ní arrondissement (ẹ̀ka ìlú) kan pàtó, nítorí arrondissement kọ̀ọ̀kan ni agbègbè ìdìbò. Márùn-ún ló wà l'Ájàṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni òkè wá dé: ẹgbẹ́ tí kò bá ní ìdá 10 nínú 100 gbogbo ìbò JÁKÈJÁDÒ ORÍLẸ̀-ÈDÈ, kò ní àga kankan níbikíbi. Ẹ rántí 17 oṣù Karùn-ún 2020. Ẹgbẹ́ márùn-ún ló díje. UP, BR àti FCBE nìkan ló fo odò. PRD, tí gbogbo wa mọ̀ pé Àjàṣẹ́ nilé rẹ̀, kò tó ìdá 10 náà, kò sì rí àga kan ṣoṣo gbà ní gbogbo commune (ìjọba ìbílẹ̀) 77. Ẹni tó dáa, tí àdúgbò rẹ̀ fẹ́ràn, tó wà lórí lísìtì PRD lọ́dún náà, ó ṣòfò. Kì í ṣe nítorí pé bàbá rẹ̀ ti ibì kan wá.

Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé ìbéèrè "ṣé wọ́n á pè é ní àlejò" kéré. Ìbéèrè tó tóbi ni pé: lísìtì wo, ipò kelòó?

*

Ọmọ Attakè

Kí ló dé tí àwọn olùkọ́ àtàwọn ọ̀dọ́ ò fi dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ l'Ájàṣẹ́ níbí? Ẹgbẹ́ ìlú, fún ọ̀rọ̀ ìlú.

*

Aláròyé Ìdìbò

Àbúrò, òfin ẹgbẹ́ òṣèlú ti 2018 ti pa ìyẹn. Olùdásílẹ̀ 15 ní commune kọ̀ọ̀kan, commune sì jẹ́ 77. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: èèyàn 1155, láti Malanville títí dé Grand-Popo, kẹ́ ẹ tó kọ lẹ́tà sí mínísítà. Ẹgbẹ́ ìlú kan ṣoṣo kò sí mọ́ nínú òfin wa. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀, torí ó pa ohùn àdúgbò, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

*

Ọmọ Attakè

Nígbà náà kó wọ ẹgbẹ́ ńlá, kó gba ipò suppléant (adípò), kó máa dìde díẹ̀díẹ̀. Ṣé kò dáa bẹ́ẹ̀?

*

Aláròyé Ìdìbò

Kó mọ ohun tó ń gbà ni. Suppléant kì í jókòó àfi tí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ bá kú, tó fipò sílẹ̀, tàbí tí àga náà bá ṣófo lọ́nà mìíràn. Àwọn ẹgbẹ́ fẹ́ràn kí wọ́n fi "Dókítà Lágbájá" ṣe suppléant nítorí ó ń ṣe lísìtì lẹ́wà, ẹni tó ní owó àti èèyàn ló sì máa wà ní ipò kìíní. Bí arrondissement bá ní àga mélòó kan, bí orúkọ ṣe tẹ̀ léra lórí lísìtì ni wọ́n ṣe ń pín in. Ipò kìíní tàbí ìkejì nínú ẹgbẹ́ tó dájú pé á kọjá ìdá 10 ni ohun tó tọ́ kó fi jà. Bí wọ́n bá fún un ní ìkẹrin, kó bi wọ́n léèrè àga mélòó ni wọ́n ní níbẹ̀ nígbà tó kọjá.

Ìgbà tí wọ́n ń tò ó kọ́ ni wọ́n ń pinnu rẹ̀ o. Ẹni tó bá dé ní oṣù mẹ́ta sí ìdìbò ti pẹ́. Nísinsìnyí tí ìdìbò 11 oṣù Kìíní 2026 ti lọ, ìgbà yìí gan-an ló yẹ kó wọ ìpàdé àdúgbò ẹgbẹ́, kó máa kọ ìwé ìpàdé fún wọn, kó mọ ẹni tó ń pinnu.

*

Ará Kétu

Ẹ ń sọ̀rọ̀ bíi pé Àjàṣẹ́ nìkan ló wà. Ní Kétu àti Ṣábẹ, ọ̀rọ̀ àlejò dojú kọ ibòmíràn. Ọmọ Yorùbá láti Nàìjíríà tó bá dé Kétu, tó ń sọ èdè kan náà, tó ń jó ijó kan náà, ẹnikẹ́ni kò ní tètè mọ̀ ọ́n. Kétu ní arrondissement mẹ́fà, Ṣábẹ ní mẹ́jọ. Àwọn tí wọ́n ń pè ní àlejò níbẹ̀ ni àwọn Fọ̀n tó wá dáko, àwọn Fúlàní, àti ní apá Ṣábẹ, àwọn àgbẹ̀ tó ti Atacora ṣí wá.

Ẹ wá wò ó. Ọmọ àgbẹ̀ Atacora tí wọ́n bí ní Ṣábẹ, tó lọ yunifásítì ní Parakou, tó ń kọ́ni: ìwé rẹ̀ pé pérépéré, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ni bàbá rẹ̀, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ni bàbá bàbá rẹ̀. Akọ̀wé Kóòtù kò ní rí nǹkan sọ sí i. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tó bá ní òun fẹ́ ṣe chef d'arrondissement (olórí arrondissement), wọ́n á bi í pé ilẹ̀ ta ni bàbá rẹ̀ fi dáko. Ilẹ̀ àyáfidáko ni, wọ́n sì gbà pé ẹni tó yá ilẹ̀ kò gbọdọ̀ pàṣẹ fún ẹni tó yá a ní ilẹ̀. Ìwé kọ́ ló dí i lọ́wọ́ níbẹ̀. Mo fẹ́ kí Akọ̀wé gbọ́ ìyẹn.

*

Akọ̀wé Kóòtù

Mo gbọ́, òótọ́ sì ni. Mo fi ìyàtọ̀ kan sí i: ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn lè dín ìbò rẹ̀ kù, kò lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lórí lísìtì. Ìwé tí kò pé ń yọ orúkọ kúrò.

*

Ọmọ Ṣábẹ

Ará Kétu sọ ọ́ dáadáa, àmọ́ kó má jẹ́ ká máa sọ ọ́ bí ẹni pé kò sí àtúnṣe. Ohun tó ń rọ ìjà náà ni pé kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ má lọ díje ní abúlé ibi tí àríyànjiyàn ilẹ̀ bàbá rẹ̀ wà. Arrondissement mìíràn wà nínú commune kan náà. Níbi tí ọjà tàbí ilé-ẹ̀kọ́ bá pọ̀, ẹni tó ń gbé ilé àyágbé pọ̀, wọn kì í béèrè ilẹ̀ bàbá ẹni. Kó fi ẹ̀rí ibùgbé rẹ̀ síbẹ̀, kó sì máa gbé ibẹ̀ ní tòótọ́. Ẹ̀rí ibùgbé tí ẹnikẹ́ni lè tú fó láàárín ọjọ́ kan kò dáàbò bo èèyàn.

*

Ìyá Alásọ

Mo gbọ́ pé wọ́n ti ń fún àwọn ará Amẹ́ríkà ní ìwé ọmọ Bẹ̀nẹ̀. Àwọn yẹn ni wọ́n wá ń gbà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sáàárín wa níbí ni wọ́n ń wá ìwé bàbá rẹ̀?

*

Akọ̀wé Kóòtù

Òfin oṣù Kẹsàn-án 2024 lẹ̀ ń sọ, màmá. Fún àwọn tí wọ́n kó baba ńlá wọn lẹ́rú kúrò nílẹ̀ Áfíríkà ni, tí wọn kò sì ní ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn. Kò kan ará Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí ó ti ní Nàìjíríà. Ìbínú yín yé mi. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yín bá wà lábẹ́ òfin tí mo sọ lókè, ìdí tirẹ̀ lágbára ju tiwọn lọ.

*

Ará Ouando

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀. Ṣé dókítà rẹ̀ kò wúlò ni? Àwọn kan ní kó dúró dìgbà tí CAMES, àjọ tó ń gbé olùkọ́ yunifásítì ga, bá sọ ọ́ di maître de conférences, kí orúkọ rẹ̀ lè wúwo.

*

Ọ̀gá Tíṣà

Kó má dúró. Ẹni tó bá dúró de CAMES á tún dúró de professeur titulaire, ọjọ́ orí á sì ti lọ. CAMES ń ka àpilẹ̀kọ inú jọ́nà, kì í ka iye ìpàdé àdúgbò. Bó bá fẹ́ ṣe méjèèjì, kó parí àpilẹ̀kọ tó nílò fún ipò tó kàn kí ọdún ìdìbò tó wọlé, nítorí lọ́dún yẹn kò ní kọ ìlà kan.

Àga ìgbìmọ̀ lásán kò dí iṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́. Ìgbìmọ̀ ń ṣe ìpàdé tó pọn dandan lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, yàtọ̀ sí ti pàjáwìrì àti ti àwọn ìgbìmọ̀ kéékèèké. Ipò maire yàtọ̀: iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni, kíláàsì á dúró.

Ìkìlọ̀ kan fún un: kó má fi kíláàsì ṣe ìpolongo. Kó má lo ọkọ̀ yunifásítì, gbọ̀ngàn rẹ̀ tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀. Ohun ìjọba ni, òfin ìdìbò kò gbà á, fótò kan ṣoṣo ló sì tó láti kó o sí wàhálà.

*

Ọmọ Àkọ́rọ̀n

Èmi gbà pé dókítà ń bu iyì kún èèyàn. Àwọn àgbà máa ń gbọ́ ẹni tó kàwé.

*

Ọ̀gá Tíṣà

Wọ́n ń gbọ́ ọ bó bá sọ ọ́ ní Ègùn àti Yorùbá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú wa ni pé a dìde ní ìpàdé àdúgbò, a ní "plan de développement communal", a ní "gouvernance", títí àwọn èèyàn á fi máa wo aago. Kó sọ pé gọ́tà tó wà lẹ́yìn ọjà yẹn, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ètò ọdún márùn-ún ìlú, wọn kò fi owó sí i lọ́dún yìí, òun sì ní ẹ̀dà ìwé náà lọ́wọ́. Ìyẹn ni dókítà lè ṣe tí ẹlòmíràn kò ní ráyè ṣe: kó ka bọ́jẹ́ẹ̀tì ìlú láti ojú ewé kìíní dé òpin, kó fi ohun tí wọ́n kọ wé ohun tí wọ́n ṣe.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò gbọ́ Ègùn l'Ájàṣẹ́, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa, òun ni wọ́n á pè ní àlejò. Èyí tó ń sọ Ègùn ketekete, wọ́n á kàn pè é ní ọmọ bàbá oníṣòó.

*

Aláròyé Ìdìbò

Ọ̀gá Tíṣà sọ ibi tí mo fẹ́ dé. Ẹ tún jẹ́ kó mọ ohun tó ń lọ bá níbẹ̀. Àwọn èèyàn ṣì rò pé maire ló ń buwọ́ lu owó. Láti ìgbà òfin 2021-14, tí wọ́n ṣe ní oṣù Kejìlá 2021, secrétaire exécutif ló ń darí iṣẹ́ mairie lójoojúmọ́, òun ló sì ń pàṣẹ ìnáwó. A kì í dìbò yàn án. Maire ń ṣe alága conseil de supervision (ìgbìmọ̀ alábòójútó), níbi tí àwọn igbákejì rẹ̀ àti alága àwọn ìgbìmọ̀ kéékèèké wà.

Ẹni tó bá wọlé kó lè máa pín iṣẹ́ agbáṣe á sunkún. Ẹni tó bá mọ ìwé kà á rí iṣẹ́ ṣe. Ìgbìmọ̀ kéékèèké mẹ́ta ni òfin ti mọ̀ tipẹ́: ti ètò ọrọ̀ ajé àti ìnáwó, ti ilẹ̀ àti àyíká, ti àwùjọ àti àṣà. Àwọn ẹgbẹ́ máa ń fi ti àṣà lọ olùkọ́. Kó kọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kó béèrè ti ìnáwó tàbí ti ilẹ̀. Bó bá di alága ibẹ̀, ó ti wọ conseil de supervision láìjẹ́ maire.

Ní ti maire: òfin tí wọ́n ṣe ní oṣù Kẹfà 2020, lẹ́yìn ìdìbò ọdún náà, sọ pé ẹgbẹ́ tó bá ní ju ìdajì àga lọ ló ń yan maire àtàwọn igbákejì. Bí Charlemagne Yankoty ti UP ṣe gorí àga l'Ájàṣẹ́ nìyẹn lọ́dún 2020. Nítorí náà, olóyè ẹgbẹ́ ló máa yàn án tàbí kó má yàn án. Ẹ ti rí i pé Nenshi kò kọ́ wa ní nǹkan kan níbẹ̀.

*

Ọmọ Ṣábẹ

Ó kọ́ wa ní ohun kan. Ó fìdí rẹmi ní 2004, ó padà sí kíláàsì, ó sì ń sọ̀rọ̀ ìlú nìṣó fún ọdún mẹ́fà. Tiwa níbí, bí olùkọ́ bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan, a kì í rí i mọ́ ní àdúgbò.

*

Ìyá Alásọ

Owó ńkọ́? Ẹ kò tíì sọ ti owó. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ̀ ń fò ó.

*

Aláròyé Ìdìbò

Màmá, òfin ti dí ọ̀nà àwọn nǹkan bíi pínpín aṣọ, tíṣẹ́ẹ̀tì àti ohun èlò ìdáná nígbà ìdìbò. Kó má tẹ tíṣẹ́ẹ̀tì. Ibi tí owó ń lọ ní tòótọ́ ni ọkọ̀, epo, oúnjẹ àwọn tó ń ṣọ́ àpótí ìbò, àti owó tí ẹgbẹ́ bá ní kí ó mú wá fún owó ìdúró (caution) ti CENA. Kó bi wọ́n léèrè iye náà ṣáájú, kó gba ìwé ẹ̀rí. Àwọn tó ń ṣọ́ àpótí ṣe pàtàkì ju pósítà lọ. Bí kò bá sí ẹni tìrẹ níbi tí wọ́n ti ń ka ìbò, ìwé àbájáde tí ẹlòmíràn kọ lo máa gbà.

Ní 2020, kòrónà kò jẹ́ kí wọ́n ṣe ìpéjọ ńlá. Pósítà, rédíò àti fóònù ló ṣiṣẹ́. Ẹni tó ti mọ ìdílé kọ̀ọ̀kan ní àdúgbò tẹ́lẹ̀ ló jàǹfààní rẹ̀.

*

Ará Ouando

Ìbéèrè ìkẹyìn. Quitus fiscal yẹn, ṣé ó lè dá olùkọ́ dúró? Wọ́n ń yọ owó orí lára owó oṣù rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ rẹ̀.

*

Akọ̀wé Kóòtù

Owó oṣù kì í dá wọn dúró. Ilé bàbá ni. Bàbá kú, ó fi ilé onírúùmù mẹ́wàá sílẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù páànù níwájú, àwọn ọmọ ń gba owó ilé, ẹnikẹ́ni kò san taxe foncière unique (owó orí ilé àti ilẹ̀) láti ọjọ́ ìsìnkú. Bí ilé náà bá wà lórúkọ rẹ̀, tàbí òun ló ń buwọ́ lu ìwé àwọn ayálégbé, gbèsè náà lè tọ̀ ọ́ wá lọ́jọ́ tó bá béèrè quitus.

Kó lọ sí ọ́fíìsì owó orí pẹ̀lú IFU (nọ́mbà owó orí) rẹ̀, kó béèrè ohun tó wà lórúkọ òun àti lórúkọ bàbá. Bí gbèsè bá wà, kó béèrè bóyá wọ́n á jẹ́ kó san án díẹ̀díẹ̀. Kó sì tọ́jú rìsíìtì, nítorí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n máa ń wò. Bó bá ń lọ, kó mú ẹ̀dà ìwé ìbí bàbá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan dání, kí wọ́n lè fi orúkọ tó wà lórí ìwé ilé wé e. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń rí i pé orúkọ bàbá lórí ìwé ilé tún yàtọ̀ sí méjèèjì.